PÁPÁ ÌṢERÉ LIBERTY: ÌTÀN RẸ̀ ÀTI OHUN TÍ Ó WÀ NÍNÚ ỌGBÀ RẸ̀

Ẹ̀yin ọmọ Ìbàdàn nílé, lóko àti ní ẹ̀yìn odi, ọ̀rọ̀ tí a gbé wá sí iwájú yín ní ọdún yìí jẹ mọ́ ibì kan tí gbogbo yín mọ orúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n tí ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ yín kò mọ ìtàn rẹ̀. Ìlú wa kò ṣe aláìní ìtàn. Bí a bá dárúkọ Olúyọ̀lé, Ìbíkúnlé, Ògúnmọ́lá àti Látòósà, ọmọdé pàápàá yóò ní ohun kan láti sọ. Ìwé pọ̀ lórí àwọn ogun wa, ó sì pọ̀ lórí àwọn ìjòyè wa. Ṣùgbọ́n Ìbàdàn titun, èyí tí ó ti Dùgbẹ̀ gba Ring Road lọ sí Challenge, tí ó sì na ọwọ́ kejì sí Bódìjà àti Àgbowó, òun náà ti dàgbà tó ohun tí à ń kọ ìtàn rẹ̀ sílẹ̀ kí àwọn tí ó ṣe ojú wọn tó lọ tán. Nínú gbogbo ohun tí ó wà ní ìhà náà, a kò rí èyí tí ó tíì mú àlejò wọ ìlú láti ọ̀nà jíjìn tó Pápá Ìṣeré Liberty.

Kí a tó dé ẹnu ọ̀nà ọgbà náà, ó yẹ kí a rántí bí ìlú ti ṣe rìn dé ibẹ̀. Ìbàdàn àtijọ́ wà ní ẹsẹ̀ òkè Mápó, ní Ọjàaba, Bẹẹrẹ àti àyíká wọn. Nígbà tí ojú irin wọ ìlú ní 1901, òwò tẹ̀lé e, Dùgbẹ̀ sì di ibi tí àwọn ilé iṣẹ́ Òyìnbó pàgọ́ sí. Yunifásítì dé ní 1948. Ìbàdàn ni olú-ìlú Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà, nítorí náà bí agbára ìjọba náà ti ń pọ̀ sí i ni àwọn ilé rẹ̀ ń pọ̀ sí i ní orí ilẹ̀ tí ó jẹ́ oko àti igbó ní ìgbà tí àwọn bàbá wa jẹ́ ọmọdé.

Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ di Olórí Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ní oṣù October, 1954. Ní oṣù January, 1955, àwọn ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ láìsan kọ́bọ̀. Ní ọjọ́ 31 oṣù October, 1959, ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Agodi. Ní ìwọ̀n àkókò yẹn kan náà ni wọ́n ń pín ilẹ̀ Bódìjà, tí wọ́n ń kọ́ ilé sí i ní ìlà-ní-ìlà. Pápá Ìṣeré Liberty jẹ́ ọ̀kan nínú iṣẹ́ wọ̀nyí, a kò sì lè yọ ọ́ kúrò láàárín wọn kí ìtàn rẹ̀ tó yé ni. Owó tí wọ́n fi kọ́ ọ wá láti inú àpò ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn, a sì mọ̀ pé kòkó ni ó ń mú àpò náà wúwo jù lọ. Àgbẹ̀ tí ó ń ṣá kòkó ní Oǹdó tàbí ní Ìjẹ̀ṣà, tí kò fi ojú kan Ìbàdàn rí, ní ìpín nínú pápá náà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹnikẹ́ni kò fún un ní tíkẹ́ẹ̀tì.

Ẹni tí ó bá ń ṣọ́ owó ìlú lè béèrè pé kí ni ìlú tí omi ẹ̀rọ kò tíì kárí fẹ́ fi pápá ìṣeré ńlá ṣe. Ìbéèrè náà kì í ṣe ti òmùgọ̀, a sì gbà pé ó tọ́ kí a máa bi irú rẹ̀ léèrè ní gbogbo ìgbà. Ìdáhùn tiwa ni pé ọmọ ọdún mẹ́fà tí ó wọ ilé-ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní 1955 ti di ọmọ ọdún mọ́kànlá ní 1960. Ó ti mọ̀wé kà, ẹsẹ̀ sì ń yún un. Ìjọba tí ó kó ọ̀kẹ́ àìmọye ọmọ jọ sí ilé-ẹ̀kọ́ kò lè ṣàì wá ibi tí wọn yóò ti sáré, tí wọn yóò ti gbá bọ́ọ̀lù, tí ọmọ Ìbàdàn yóò sì ti bá ọmọ Ìjẹ̀bú àti ọmọ Èkìtì díje láìsí pé ẹnikẹ́ni gbé àdá dání.

Ní 1960, ọdún tí Nàìjíríà gba òmìnira, ni wọ́n ṣí pápá náà. Orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ kò ní ìtumọ̀ méjì: Liberty ni Òyìnbó ń pe òmìnira. Ó dára kí a fi ọ̀rọ̀ kan yé ara wa níhìn-ín, nítorí a ti gbọ́ àríyànjiyàn lórí rẹ̀ nínú ìpàdé. Ìjọba Olóyè Awólọ́wọ̀ ni ó dá iṣẹ́ náà sílẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tí pápá ṣí, Olóyè Awólọ́wọ̀ kò sí lórí àga Olórí Ìjọba mọ́. Ní oṣù December, 1959 ni ó ti fi í sílẹ̀ láti lọ ṣe olórí ẹgbẹ́ alátakò ní Ilé Aṣòfin Àpapọ̀ ní Èkó, Olóyè Samuel Ládòkè Akíntọ́lá sì ti jókòó sí ipò rẹ̀. Nítorí náà ẹni tí ó sọ pé ti Awólọ́wọ̀ ni kò purọ́, ẹni tí ó sì sọ pé ní ìgbà Akíntọ́lá ni kò purọ́.

Ọ̀rọ̀ kejì tí a fẹ́ tún ṣe ni èyí tí àwọn ènìyàn wa fẹ́ràn láti máa wí, pé pápá Liberty ni pápá ìṣeré àkọ́kọ́ ní gbogbo Áfíríkà. Kò rí bẹ́ẹ̀. Alexandria ní ilẹ̀ Íjíbítì ti ní tirẹ̀ láti 1929. Léopoldville, tí a ń pè ní Kinshasa nísisìyí, ní tirẹ̀ ní 1952. Ìlú Cairo pàápàá ṣí pápá ńlá tirẹ̀ ní 1960 kan náà tí a ṣí tiwa. Ní Èkó, pápá King George V ti wà ní Oníkàn ṣáájú òmìnira. Iyì tí Liberty ní tó o láìjẹ́ pé a fi irọ́ bù kún un. Ìjọba tí ó jẹ́ ti ọmọ ilẹ̀, kì í ṣe ti gómìnà àjèjì, ni ó pinnu rẹ̀, òun ni ó sì fi owó ara rẹ̀ kọ́ ọ, ní ìgbà tí asia Òyìnbó ṣì ń fẹ́ lẹ́lẹ́ lókè. Ìyẹn nìkan tó ohun tí a lè fi gbéra ga.

Ẹ jẹ́ kí a wọ inú ọgbà náà nísisìyí. Ring Road ni ó wà, ní apá gúsù-ìwọ̀-oòrùn ìlú, láàárín Òkè-Àdó àti Challenge. Pápá ńlá tí ó wà láàárín rẹ̀ ni a fi ìjókòó yí ká, ìwé sì sọ pé ó gba nǹkan bí 35,000 ènìyàn. Koríko bọ́ọ̀lù ni ó wà ní àárín gbùngbùn, ọ̀nà eré sísá sì yí koríko náà po. Lẹ́yìn èyí, àwọn ibi ìṣeré mìíràn wà nínú ọgbà: ilé ìṣeré abẹ́ òrùlé fún àwọn tí kò fẹ́ kí òjò tàbí oòrùn dá sí ọ̀rọ̀ wọn, adágún ìlúwẹ̀ẹ́, àti pápá tẹ́ńìsì. Kì í ṣe bọ́ọ̀lù nìkan ni àwọn tí ó ya àwòrán rẹ̀ ní lọ́kàn.

A fẹ́ dúró díẹ̀ lórí ọ̀nà eré, nítorí ọ̀pọ̀ ni ó ti jókòó wò ó láìbéèrè ìdí tí àwọn sárésáré kì í fi dúró ní ìlà kan náà nígbà tí eré bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Ojú tí kò mọ̀ ọ́n yóò rò pé wọ́n ń ṣe ojúsàájú. Ọ̀nà kan ṣoṣo kọ́ ni ó yí pápá ká. Ọ̀nà púpọ̀ ni, wọ́n sì tò wọ́n tẹ̀lé ara wọn bí ìlà inú ìwé, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì fẹ̀ tó mítà 1.22, èyí tí í ṣe ẹsẹ̀ bàtà 4 láyé Òyìnbó. Ẹni tí ó wà ní ọ̀nà kìíní, tí ó sún mọ́ koríko, a sá mítà 400 bí ó bá yípo lẹ́ẹ̀kan. Ẹni tí ó wà ní ọ̀nà kejì wà ní òde tirẹ̀, nítorí náà bí ó bá yípo, yóò ti sá nǹkan bí mítà 7 ju ẹnìkejì rẹ̀ lọ. Bí a bá dé ọ̀nà kẹjọ, àfikún náà ti ju mítà 50 lọ. Nítorí èyí ni wọ́n ṣe ń gbé ẹni òde síwájú ní ìbẹ̀rẹ̀, kí gbogbo wọn lè sá ìwọ̀n kan náà dé òpin. Ní 1960 tí pápá ṣí, yáàdì ni a ṣì fi ń wọn eré ní ilẹ̀ tí ó wà lábẹ́ Gẹ̀ẹ́sì. Yáàdì 440 ni ìyípo kan nígbà náà, ó sì fi mítà 2 àti díẹ̀ gùn ju mítà 400 lọ. Ìgbà tí àwọn ìlú Commonwealth ṣe ìdíje wọn ní Edinburgh ní 1970 ni wọ́n tó fi yáàdì sílẹ̀ fún mítà. Nítorí náà, bí bàbá kan bá sọ fún yín pé òun sá yáàdì 100 ní ìwọ̀n ìṣẹ́jú àáyá báyìí ní Liberty, ẹ má ṣe fi wé ti àwọn ọmọ ìsisìyí láìkọ́kọ́ ṣírò. Mítà 100 fi yáàdì 9 gùn jù ú lọ.

Ẹ̀yin tí ń gbé Ìlú Ọba ti rí irú ọ̀nà eré mìíràn, èyí tí ó jẹ́ ti ọkọ̀. Silverstone tí ẹ ń gbọ́ orúkọ rẹ̀ jẹ́ pápá ọkọ̀ òfuurufú àwọn ológun nígbà ogun Hitler. Ní 1948 ni wọ́n ṣe ìdíje ọkọ̀ ńlá àkọ́kọ́ níbẹ̀, wọ́n sì ní ọ̀nà gígùn àti ọ̀nà kúkúrú nínú ọgbà kan náà, tí wọ́n fi ń yan èyí tí ó bá eré ọjọ́ náà mu. Kyalami ní ẹ̀bá Johannesburg ṣí ní 1961. Ìbàdàn kò kọ́ irú rẹ̀, àwa kò sì rí i pé ó yẹ kí ó dùn wá. Àwọn awakọ̀ wa ní Ring Road ti sọ ọ̀nà ọba di ibi ìdíje láìgba àṣẹ. Ẹsẹ̀ ènìyàn àti ọwọ́ ènìyàn ni a kọ́ tiwa fún, ọwọ́ ni ó sì mú orúkọ rẹ̀ kàn dé gbogbo ayé.

Ọjọ́ náà ni ọjọ́ kẹwàá oṣù August, 1963. Dick Tiger, tí orúkọ àbísọ rẹ̀ ń jẹ́ Richard Ihetu, ọmọ Amaigbo ní Ìlà-Oòrùn Nàìjíríà, ni abẹ̀ṣẹ́kùbíòjò tí ó gba adé àgbáyé láàárín àwọn tí ìwọ̀n wọn kò ju pọ́n-ùn 160 lọ. Gene Fullmer, ọmọ Utah ní Amẹ́ríkà, ni ó gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ ní San Francisco ní oṣù October, 1962. Fullmer kì í ṣe ẹni tí a lè fi ojú kéré wò: òun ni ó na Sugar Ray Robinson ní 1957, tí ó sì na Carmen Basilio ní 1959. Wọ́n tún pàdé ní Las Vegas ní oṣù February, 1963, ìjà náà sì parí ní ọ̀mì. Ẹ̀ẹ̀kẹta ni ó kù, èyí tí yóò fòpin sí ọ̀rọ̀. Ibi tí gbogbo ènìyàn rò pé wọn yóò ti jà á ni Amẹ́ríkà, nítorí níbẹ̀ ni owó wà. Ìbàdàn ni wọ́n ti jà á.

Ẹ wo ohun tí èyí túmọ̀ sí. Orílẹ̀-èdè wa kò tíì pé ọdún mẹ́ta. Wọn kò tíì ja ìjà fún adé àgbáyé rí ní ilẹ̀ Áfíríkà tí àwọn aláwọ̀ dúdú ń ṣàkóso. A mọ̀ pé wọ́n ti ja irú rẹ̀ ní Johannesburg ní 1950, ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà mọ irú ìjọba tí ó wà níbẹ̀ nígbà náà, àti ẹni tí ó lè jókòó sí àga iwájú. Ní Liberty, wọ́n gbé ojú ìjà onígun mẹ́rin kalẹ̀, wọ́n fi okùn yí i ká, ẹnikẹ́ni tí ó bá sì ní owó tíkẹ́ẹ̀tì lè jókòó. Àwọn oníwèé ìròyìn ilẹ̀ òkèèrè tí wọn kò mọ ìyàtọ̀ láàárín Ìbàdàn àti Èkó ní láti kọ orúkọ ìlú wa sí orí ìròyìn wọn.

Abala 15 ni wọ́n fi ìjà náà sí. Kò dé ìdajì rẹ̀ lọ títí. Tiger jẹ́ ẹni kúkúrú tí ó ki, tí kì í sá sẹ́yìn, tí ọwọ́ òsì rẹ̀ sì dà bí òòlù alágbẹ̀dẹ. Ó tẹ̀ lé Fullmer kiri, ó ń gbá a ní ara, ó ń gbá a ní ojú, títí tí awọ ojú ọkùnrin náà fi là. Nígbà tí abala keje parí, Marv Jenson tí í ṣe alábòójútó Fullmer wo ojú ọmọ rẹ̀, ó sì sọ fún rẹfirí pé ó tó. Fullmer kò dìde fún abala kẹjọ. Kò sì tún jà mọ́ ní ọjọ́ ayé rẹ̀. Ní Ring Road, Ìbàdàn, ni ọ̀kan nínú àwọn abẹ̀ṣẹ́kùbíòjò tí ó le jù lọ ní Amẹ́ríkà ti bọ́ ìbọ̀wọ́ rẹ̀ sílẹ̀ títí láé. Ọjọ́ mẹ́rin péré ni ó kù kí Tiger pé ọmọ ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n.

Kí ẹnikẹ́ni tó sọ pé Ibo ni Tiger, kí ni ó kàn wá, kí ó rántí pé ilẹ̀ Yorùbá ni ó ti jà fún adé rẹ̀, láàárín ogunlọ́gọ̀ àwọn ọmọ Yorùbá, wọ́n sì yọ̀ fún un bí ẹni pé Bẹẹrẹ ni wọ́n bí i sí. Ní ọdún tí ó tẹ̀lé e, Accra náà ṣe irú rẹ̀ nígbà tí Floyd Robertson bá Sugar Ramos jà. Nígbà tí Muhammad Ali àti George Foreman pàdé ní Kinshasa ní 1974, inú pápá tí a ti dárúkọ lókè, èyí tí wọ́n kọ́ ní 1952, ni wọ́n ti jà, gbogbo ayé sì ń sọ ọ́ títí di òní. Ìbàdàn ti ṣáájú wọn ní ọdún mọ́kànlá.

Ṣùgbọ́n òpìtàn tí ó bá sọ ayọ̀ ọjọ́ náà nìkan kò sọ òtítọ́ tán. Ìjà mìíràn wà nílẹ̀ nígbà náà, èyí tí kò ní rẹfirí. Ní oṣù May, 1962, àwọn aṣòfin fi àga lu ara wọn ní Ilé Aṣòfin Ìwọ̀-Oòrùn ní Ìbàdàn níhìn-ín, ìjọba àpapọ̀ sì gba àkóso títí ọdún náà fi parí. Awólọ́wọ̀ àti Akíntọ́lá, tí wọ́n jọ jẹ, tí wọ́n jọ mu, ti di ọ̀tá ara wọn. Ní oṣù July, 1963, wọ́n dìbò ní Bìní àti agbègbè rẹ̀ láti ya kúrò lára Ìwọ̀-Oòrùn. Ní ọjọ́ tí Tiger ń na Fullmer ní Liberty, Olóyè Awólọ́wọ̀ tí ìjọba rẹ̀ dá pápá náà sílẹ̀ wà ní ilé ẹjọ́ lórí ẹ̀sùn ìdìtẹ̀ sí ìjọba. Oṣù kan àti ọjọ́ kan lẹ́yìn ìjà náà, ní ọjọ́ 11 oṣù September, adájọ́ sọ ọ́ sí ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́wàá. Pápá Òmìnira ṣí sílẹ̀ gbayawu fún àlejò, ẹni tí ó ní kí wọ́n kọ́ ọ wà lábẹ́ ìṣọ́. A kò ní ọ̀rọ̀ láti fi kún èyí.

Tiger pàápàá kò bọ́ nínú ìdààmú ìlú. Ó pàdánù adé rẹ̀ kí ọdún 1963 tó parí, ó tún gba ti àwọn tí ó wúwo jù ú lọ ní 1966, ogun abẹ́lé sì dé. Ó bá àwọn ènìyàn rẹ̀ lọ sí ìhà Biafra, ó dá àmì ẹ̀yẹ tí Ọbabìnrin Gẹ̀ẹ́sì fún un padà, ó sì kú ní Aba ní oṣù December, 1971, ní ẹni ọdún méjìlélógójì.

Lẹ́yìn ogun, bọ́ọ̀lù gba ipò iwájú. Ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù ìlú wa, tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí IICC Shooting Stars ní ìgbà náà, gba ife ẹ̀yẹ àwọn tí ó gba ife ní Áfíríkà ní 1976, lẹ́yìn tí wọ́n borí Tonnerre ti Yaoundé. Kò sí ẹgbẹ́ Nàìjíríà kan tí ó gba ife Áfíríkà kankan ṣáájú wọn. Ní 1979, Ìbàdàn gba àlejò gbogbo ìpínlẹ̀ fún àjọ̀dún eré ìdárayá orílẹ̀-èdè. Ọdún kan lẹ́yìn èyí, ìdíje bọ́ọ̀lù gbogbo Áfíríkà dé Nàìjíríà, ìlú méjì péré ni wọ́n sì fi ṣe é: Èkó àti Ìbàdàn. Algeria, Morocco, Ghana àti Guinea ni wọ́n pín sí ọ̀dọ̀ wa ní Liberty. Ghana ni ó ni ife náà lọ́wọ́ nígbà tí wọ́n dé, nítorí àwọn ni wọ́n gbà á ní 1978. Ìbàdàn ni wọ́n ti gba ibẹ̀ padà sílé. Algeria tí ó gba ipò kìíní láàárín wọn rìn dé àṣekágbá, Nàìjíríà sì na wọ́n ní 3 sí òdo ní Surulere ní ọjọ́ 22 oṣù March. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé Algeria rọ̀: ọdún méjì lẹ́yìn náà, ní Spain, wọ́n na Jámánì ní 2 sí 1 nínú ìdíje àgbáyé. Àwọn méjì tí ó jẹ àmì ayò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fún Nàìjíríà ní ọjọ́ yẹn, Ṣẹ́gun Odégbàmí tí ó jẹ méjì àti Múdà Láwàl tí ó jẹ ọ̀kan, ẹgbẹ́ Ìbàdàn wa ni àwọn méjèèjì ti wá. Èkó gba ife lórí pápá rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ tí ó gbá a wọlé, ẹsẹ̀ Ìbàdàn ni.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti le ni a dé yìí. Ìjọba tí ó kọ́ Liberty kò sí mọ́. Ní 1967, ìjọba ológun pín Nàìjíríà sí ìpínlẹ̀ 12, Ìwọ̀-Oòrùn sì di ọ̀kan nínú wọn. Ní 1976 ni wọ́n tún pín in sí Ọ̀yọ́, Ògùn àti Oǹdó. Nígbà tí bàbá bá kú, àwọn ọmọ a máa pín ogún. Àwọn ilé iṣẹ́ àti ilé ńláńlá tí Ìwọ̀-Oòrùn fi sílẹ̀ bọ́ sí ọwọ́ ilé iṣẹ́ Odùduwà, tí a ń pè ní Odu'a, èyí tí àwọn ìpínlẹ̀ náà jọ ni. Pápá Liberty kò sí nínú ogún yẹn. Ọ̀dọ̀ ìjọba àpapọ̀ ni ó lọ.

Ẹ jẹ́ kí a fi Ilé Kòkó ní Dùgbẹ̀ wé e. Ilé olókè 26 ni, wọ́n parí rẹ̀ ní 1965, owó kan náà ni ó sì ti inú rẹ̀ jáde. Ní oṣù January, 1985, iná jó o. Gbogbo wa tí a rí èéfín náà rò pé ó ti parí. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ni ín wà nítòsí, a sì lè tọ̀ ọ́ lọ kí a bi í léèrè. Wọ́n tún un ṣe, ó sì ṣí padà ní 1992. Liberty kò jóná. Òjò, oòrùn àti ìgbàgbé ni ó ń jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀. Fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn 1980 ni àwọn ìwé ìròyìn ń kọ̀wé nípa koríko tí ó ga, ìjókòó tí ó fọ́, àti adágún ìlúwẹ̀ẹ́ tí kò sí omi nínú rẹ̀. A kò sọ pé ìjọba àpapọ̀ kò náwó kankan síbẹ̀. Wọ́n ti ṣe àtúnṣe ní ìgbà díẹ̀. Ohun tí a ń sọ ni pé iná ńlá ń mú ẹni tí ó nilé sáré jáde, ṣùgbọ́n òjò tí ó ń jò sí yàrá ẹ̀yìn kì í jí ẹni tí ń sùn ní Abuja.

Ẹgbẹ́ Shooting Stars pàápàá ti fi ìlé rẹ̀ sí Adámásingba, ní pápá tí ó ń jẹ́ orúkọ Olóyè Lékan Sàlámì, ẹni tí ó fi owó àti ẹ̀mí rẹ̀ jìn fún ẹgbẹ́ náà. Ìjọba Ọ̀yọ́ ni ó ni pápá yẹn, lábẹ́ Gómìnà Ṣèyí Mákíndé ni wọ́n sì tún un ṣe láìpẹ́ yìí. Ẹ kò ní ṣàì rí i pé ọ̀rọ̀ kan náà ni.

Ní oṣù November, 2010, Ààrẹ Goodluck Jonathan wá sí Ìbàdàn, ó sì yí orúkọ Liberty padà sí Pápá Ìṣeré Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀. Ó yẹ bẹ́ẹ̀, a sì dúpẹ́. Ilé ìwé ìròyìn Tribune tí Olóyè dá sílẹ̀ ní 1949 kò jìnnà síbẹ̀, Òkè-Àdó kan náà ni. Síbẹ̀ Liberty ni àwọn ọmọ ìta ọkọ̀ ṣì ń pè nígbà tí wọ́n bá ń ké sí èrò, Liberty ni orúkọ àdúgbò, Liberty ni àwọn arúgbó yóò sì máa pè é títí. A kò rí ìjà láàárín orúkọ méjèèjì. Èyí tí ó ń kọ wá lóminú ni pé a fi orúkọ ẹni ńlá sí ara ògiri kí a tó kun ògiri náà.

Nítorí náà ni a ṣe ń rọ àwọn aṣojú wa ní Ilé Aṣòfin, àti ẹ̀yin tí ohùn yín ń dé Abuja, kí ẹ béèrè ọ̀rọ̀ méjì ní gbangba: iye tí ìjọba àpapọ̀ yà sọ́tọ̀ fún pápá náà ní ọdọọdún, àti ohun tí ó dí wọn lọ́wọ́ láti jẹ́ kí Ọ̀yọ́ tàbí àwọn ìpínlẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn jọ máa tọ́jú rẹ̀. Kò pọn dandan kí ìdáhùn wá bí a ti fẹ́ ẹ. Kí ó sáà wà ní àkọsílẹ̀.

Iṣẹ́ kan kù tí kò nílò ìjọba rárá. Àwọn tí ó rọ símẹ́ńtì níbẹ̀ kí ó tó di 1960 kò ní orúkọ ní ara ògiri kankan, bẹ́ẹ̀ ni àwọn tí ó ta tíkẹ́ẹ̀tì ní ọjọ́ Tiger, tàbí àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ tí ó sáré lórí ọ̀nà náà láìwọ bàtà. Wọ́n wà nínú agbo ilé wa, wọ́n sì ti ń dín kù. A bẹ̀ yín, ẹ jókòó tì wọ́n, kí ẹ sì kọ ohun tí wọ́n bá sọ sílẹ̀ bí wọ́n ti sọ ọ́. Ẹni tí ó bá ní fọ́tò, tíkẹ́ẹ̀tì tàbí ìwé ètò ọjọ́ kankan ní Liberty, ìbáà ṣe nílé tàbí ní ẹ̀yìn odi, kí ó mú un wá fún akọ̀wé ẹgbẹ́ láti yà á sínú ìwé. A ó dá a padà fún un. Kí ó kọ ọdún àti orúkọ àwọn tí ó wà nínú fọ́tò sí ẹ̀yìn rẹ̀. Kí ó sì lo pẹ́ńsùlù, nítorí bírò a máa là já sí ojú.